Ilé àkọ́kù: ohun tó dá iṣẹ́ dúró lẹ ń rà

"Ẹ̀gbọ́n, finishing kékeré ló kù síbẹ̀."

Ẹ́jẹ́ǹtì ló sọ bẹ́ẹ̀, ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Keje, òjò sì ń pa wá. Ó nawọ́ sí ilé kan ní Ajégúnlẹ̀, l'Ékòó: ìsàlẹ̀ àti òkè méjì, fúláàtì mẹ́fà. Dẹ́kìn méjì ti wà lórí, ògiri àjà òkè pátápátá ti dé líńtẹ̀lì, irin sì yọ sókè lórí àwọn pílà bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì yarí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fídíò WhatsApp láti Peckham ní London, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti pín ilé náà lọ́kàn rẹ̀: márùn-ún fún àwọn ayálégbé, ọ̀kan fún ara rẹ̀ tó bá wálé Kérésì.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣírò ohun tí ilé yóò ná èèyàn, torí náà ni wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ lé wọn. Ìbéèrè kan ni mo bi ẹ́jẹ́ǹtì: kí ló dá iṣẹ́ dúró? Ó ní owó ni. Ìdáhùn tí gbogbo wọn máa ń fún èèyàn nìyẹn, torí kò sẹ́ni tí í bà lẹ́rù. Owó lè tán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ta ni yóò kó owó sí ilẹ̀ títí dé dẹ́kìn kejì, tí yóò wá fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́ láti máa sùn sí? Nǹkan kan ló dá a dúró. Ó lè jẹ́ ikú, ó lè jẹ́ ẹjọ́, ó lè jẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ pé ilé náà ti ń rì. Ẹni tó bá ra ilé àkọ́kù ti ra nǹkan náà mọ́ ọn, yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Iye tí wọ́n ń pè é kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé ohun kan ṣoṣo làwọn ń rà. Mẹ́ta ni. Ilẹ̀ dá dúró, ilé tó wà lórí rẹ̀ dá dúró, àṣẹ láti máa kọ́ ọ lọ dá dúró. Ilẹ̀ lè mọ́ tónítóní kí ilé orí rẹ̀ má wúlò ju kí wọ́n wó o lọ. Ilé lè le bí òkè Olúmọ, kó jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ló jókòó sí. Ìwé àṣẹ lè wà, kó jẹ́ pé ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún láṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń wò níwájú yín. Ẹni tó ń tà á lè ní ọ̀kan lọ́wọ́, kó má sì ní ìkankan nínú méjì yòókù.

Ilẹ̀ ló ṣáájú, torí lójú òfin, ẹni tó bá nilẹ̀ ló ni ohun tí wọ́n bá kọ́ mọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ilé tí ẹ fowó yín parí ti bá a lọ nìyẹn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O (Certificate of Occupancy) tí gbogbo ayé ń wá kiri kì í ṣe ìwé pé ilẹ̀ ti di tiyín títí ayé. Ẹ̀tọ́ láti máa lò ó ni, ọdún 99 ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ náà bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, abala 22 nínú òfin yẹn ní kó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á fi C of O tí orúkọ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀ hàn yín, ọkàn yín á balẹ̀. Ìwé náà lè má ní àbùkù kankan, àmọ́ kò tíì mọ̀ yín rí.

Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìyọ̀ǹda yìí pọn dandan kódà fún ẹni tó ti nilẹ̀ kí òfin 1978 tó dé. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹjọ́ náà, bí ẹ̀rín bá tọ́ síbẹ̀, ni pé àwọn tó fi ilé yá owó gan-an ló wá sọ ní kóòtù pé àdéhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ torí pé kò sí ìyọ̀ǹda gómìnà. Àwọn náà ló sì yẹ kó gba ìyọ̀ǹda ọ̀hún. Wọ́n jàre. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ mú sùúrù, pé ẹ ó ṣe consent tó bá yá, ẹ rántí pé àkókò tó wà láàárín òní àti "tó bá yá" yẹn, ọwọ́ yín kò tíì ba nǹkan náà tán.

Rìsíìtì ńkọ́? Rìsíìtì sọ pé owó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní in, tí ẹ sì ti gba ilẹ̀, ó lè gbà yín sílẹ̀ díẹ̀ ní kóòtù. Àmọ́ ta ló fẹ́ dé kóòtù?

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kò pọ̀, owó tó ń náni kò sì jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé. Kí lọ́yà tiyín, tí kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà á, lọ wo fáìlì ilẹ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ní Àlàúsá. Kí awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ náà, kó gbé nọ́ńbà tó rí lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, kí wọ́n lè sọ bóyá ilẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ni tàbí èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn. Ẹ má fara mọ́ pùláànù tí ẹni tó ń tà á bá mú wá. Mo ti rí pùláànù tó péye, tó ní sítáǹpù, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Ẹ tún bi awọnlẹ̀ bí ilẹ̀ náà ṣe jìnnà sí kànáálì àti wáyà iná ńlá tó. Ní irú Ajégúnlẹ̀ tí omi pọ̀ sí, ilé tó bá jókòó sójú ọ̀nà omi máa ń bá kátápílà pàdé lọ́jọ́ kan.

Gbogbo èyí ni ìwé lè sọ. Ohun tó dá iṣẹ́ dúró ní ti tiwa kò sí nínú ìwé kankan.

Ìyá ẹlẹ́ja kan ń gbé ní fúláàtì ìsàlẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ ni. Ó ti fi àwọ̀n irin àti búlọ́ọ̀kù ṣe ààrò ìyan-ẹja níbi tí wọ́n ṣe kalẹ̀ fún pálọ̀, èéfín sì ti sọ dẹ́kìn orí rẹ̀ di dúdú kirimú. Mo kí i, mo ra ẹja méjì, mo bá a jókòó. Òjò ń rọ̀ wọ ojú wíńdò tí kò ní nǹkan kan. Ara ògiri tó kọjú sí wa, ẹnìkan ti fi ẹfun kùn ún ní ibì kan tó fẹ̀ tó ẹní. Omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀, ẹfun ń wẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo kà á títí mo fi rí i: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

"Ìyàwó kejì ló kọ ọ́," ni Ìyá wí, kò tilẹ̀ wojú mi. "Ọjọ́ tí bùrọ̀dá yẹn kọ́kọ́ kó oníbàárà wá ló fi ẹyín iná mi kọ ọ́."

Bàbá tó ń kọ́lé ti kú láti 2013. Ìyàwó méjì, ọmọ méje. Ọmọkùnrin àkọ́bí, dáwódù, ló ń tà á. Ẹ́jẹ́ǹtì kò sì parọ́ tán nígbà tó ní owó ló dá iṣẹ́ dúró: nígbà tí bàbá kú, kò sẹ́ni tó fẹ́ fowó kọ́ ohun tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Bí Yorùbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó jẹ́ pé àṣà ló ń darí ogún rẹ̀, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín in: ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ipa kan náà, kí ọmọ ibẹ̀ jẹ́ márùn-ún tàbí ẹyọ kan. Ọ̀nà kejì ni orí-ó-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba bákan náà. Olórí ẹbí lè yàn án tí ìjà bá dé. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó kẹ́yìn fún ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà náà, fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà tó múlẹ̀. Ní ti ilé tí à ń sọ yìí, ọmọ mẹ́fà wà nídìí ìyàwó àkọ́kọ́, ọ̀kan wà nídìí èkejì. Ọmọ kan yẹn ní ìdajì ilé.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí yìí, torí ó jọ ara wọn, kò sì rí bákan náà. Bí àwọn ọmọ bá tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò wáyé rárá lójú òfin, bí ẹni pé ẹ kò ra nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá tà lórúkọ ẹbí láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan, títà náà dúró, àmọ́ wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bó bá wá tà á bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni, a tún padà sí òfo. Nítorí náà, dáwódù nìkan kò tó. Ẹ fẹ́ ìbuwọ́lùwé olórí ẹbí àti ti aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fẹ́ ìwé tí High Court fi yan àwọn tí yóò máa bójú tó ogún olóògbé, tí àwọn lọ́yà ń pè ní letters of administration. Láìsí i, ejò lẹ fi ń ṣe ìgbànú.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ilẹ̀ ẹbí lágbègbè yìí. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀tọ́ ẹbí, wọ́n á ní ìwé ìjọba ló ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ Àpápá, tó kángun sí Ajégúnlẹ̀, ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé dé London lórí ẹjọ́, tí Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921, Privy Council dá a láre pé ẹ̀tọ́ tí ó ń dìmú fún àwọn èèyàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá, ẹbí ṣì ń gba ilé padà ní kóòtù.

Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ní ìrànlọ́wọ́ kan tí àdúgbò ọlọ́lá kì í ní: gbogbo èèyàn mọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Úròbò, Ìgbò, Haúsá, Yorùbá, ojú kan náà ni wọ́n ti ń pọnmi. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó wá láti Warri, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun nilẹ̀. Ìwé jẹ́ ọ̀kan péré. Ìtàn bí ilẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìdílé, bí èèyàn ṣe ń lò ó bí onílẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń gbádùn rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà, ni mẹ́rin yòókù. Aládùúgbò ló máa jẹ́rìí sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá Úròbò tó ń ṣe fọganáísà níwájú ilé náà bá mi sọ ibi tí pààlà wà kí awọnlẹ̀ tó dé, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan péré ló fi ṣìnà. Ọkùnrin Ìgbò tó ń ta irin nígun òpópónà mọ iye tọ́ọ̀nù tí bàbá olóògbé rà, ó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló mú wa dé orí ilé gan-an.

Ó ní dẹ́kìn àkọ́kọ́, bàbá ra irin tó nípọn. Nígbà tó máa di èkejì, ó ra èyí tó tín-ín-rín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Dẹ́kìn tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó nípọn ní mìlímítà 150, tó tọ́ọ̀nù 72. Bí àpò sìmẹ́ǹtì 1,440 tí wọ́n tò sórí ara wọn ni. Kò tíì sí búlọ́ọ̀kù, kò tíì sí táńkì omi, kò tíì sí ìdílé kankan pẹ̀lú fíríìjì wọn níbẹ̀. Àwọn pílà àti ìpìlẹ̀ ló ń gbé e, lórí ilẹ̀ àbàtà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti rí, bọ́ǹgálò ni bàbá kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Owó wọlé, ó sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó tún wọlé, ó fi ọ̀kan kún un. Ìpìlẹ̀ kò mọ̀ pé owó wọlé.

Kí ẹ́ńjíníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ẹ́ńjíníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, jẹ́ tiyín, kì í ṣe bíríkìlà tó mọṣẹ́. Ẹ ní kó gbẹ́ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílà méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, kó wò ó bó ṣe jìn àti bó ṣe fẹ̀ tó. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ìjọba Èkó ní ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ńkéré wò, Materials Testing Laboratory. Wọ́n lè fi òòlù kan tó ń ta padà wọn líle rẹ̀, wọ́n sì lè gé ègé rẹ̀ bíi igi ìrèké lọ fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ègé yẹn kì í parọ́.

Ẹ̀yin náà lè fojú yín rí nǹkan kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wo irin tó yọ sókè lórí pílà. Bó bá dógùn-ún lérèéfèé, kò burú. Bó bá ń bọ́ ní ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ó ti sọnù nínú. Ẹ wo abẹ́ dẹ́kìn: bí ẹ bá rí ìlà àwọ̀ pupa tó tẹ̀ lé ara wọn, irin inú rẹ̀ ti ń dípẹtà. Ìpẹtà gba àyè ju irin tó ti jáde wá lọ, ńṣe ni yóò máa ti kọ́ńkéré láti inú títí yóò fi já bọ́. Yanrìn òkun tí wọn kò fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò máa ń jẹ́ kó yá. Ẹ fi kọ́bọ̀ tàbí òòlù kékeré gbá a. Bó bá dún gbọingbọin, ó dára. Bó bá dún bí ìkòkò òfìfo, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ òjò ló dára jù láti lọ, torí omi máa ń fi ibi tó ń gbà wọlé hàn.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni mò ń ṣe, kó rántí ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021 ní Gerrard Road, Ìkòyí. Ilé alájà 21, àkọ́kù, wó lu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ ti kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró, lẹ́yìn náà iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Èyí mú wa dé orí àṣẹ, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń da àwọn èèyàn rú. LASPPPA ló ń fọwọ́ sí pùláànù ilé kí ẹ tó kọ́ ọ. LASBCA ló ń bẹ iṣẹ́ wò bó ṣe ń lọ, òun náà ló ń fún ilé tó parí ní ìwé pé èèyàn lè gbé inú rẹ̀. Ìkankan nínú wọn kò sọ pé ilẹ̀ jẹ́ tiyín. Ẹ gba pùláànù tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ ka iye àjà inú rẹ̀, ẹ wá ka ti ojú ilẹ̀. Ìwé àṣẹ náà ní ọjọ́ orí. Bí iṣẹ́ bá ti dúró láti 2013, ẹ ó tún un gbà lórúkọ yín, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ilé wò. Bí ẹ bá rí X tàbí àmì pupa lára ògiri, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọmọdé ló kùn ún.

"Finishing kékeré" wá ńkọ́? Mo ṣí ìwé mi, mo ṣírò rẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò. Fúláàtì oníyàrá méjì mẹ́fà: ilẹ̀kùn 36, ilé ìwẹ̀ 12, síńkì ilé ìdáná mẹ́fà, mítà iná mẹ́fà. Ìgbọ̀nsẹ̀ mejìlá kò lè wọ sókàwéè kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ tí omi ń sun lábẹ́ rẹ̀. Òrùlé, rírẹ́ ògiri ní inú àti ní ìta, wáyà, páìpù, táìlì, borehole, ọ̀nà omi. Lójú tèmi, ilé tó bá dúró síbi tí èyí dúró sí kò tíì ná ìdajì owó rẹ̀. Ògiri máa ń tan ojú jẹ, torí òun ló tóbi jù, kì í sì í ṣe òun ló wọ́n jù.

Ọmọ onílẹ̀ náà yóò dé. Wọ́n ti gba owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn lọ́wọ́ bàbá olóògbé, ti òrùlé ló kù lójú tiwọn. Òfin Èkó ti 2016 sọ irú owó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti àwọn ajagungbalẹ̀ sì wà. Ẹ mọ òfin náà, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò mọ̀ yín.

Ìyá ẹlẹ́ja kì í ṣe ẹni tí ẹ lè da ẹrù rẹ̀ síta. Dáwódù ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ní ìwé kékeré tó kọ ọ́ sí. Òfin àwọn ayálégbé ti Èkó, 2011, kò gbà kí èèyàn fi tipátipá lé ẹni tó wà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yanjú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kó wà nínú àdéhùn. Òfin yẹn náà kò gbà kẹ́ ẹ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san lọ́dọọdún, torí náà ẹni tó bá ń ṣírò pé òun á fi owó ọdún méjì àwọn ayálégbé ra táìlì, kó tún ìṣírò ṣe. Bí ẹ́jẹ́ǹtì bá sì bi yín irú ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ nínú ilé, ẹ sọ fún un pé ẹni tó ń sanwó déédéé lẹ fẹ́. Ní Ajégúnlẹ̀, ẹni tó bá ń ṣa ẹ̀yà, fúláàtì rẹ̀ á ṣófo.

Ẹ́ńjíníà gbẹ́ ihò náà. Ìpìlẹ̀ lè gbé dẹ́kìn àkọ́kọ́ láìsí wàhálà, ó ní òun kò lè fọwọ́ sí èkejì. Wọ́n ti yọ owó fúláàtì méjì kúrò nínú iye tí wọ́n pè é, dáwódù sì ti gbà. Ìbuwọ́lùwé ló kù. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyàwó kejì ń gbé Houston, ó ní òun máa fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́yìn tí òun bá ti bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà síbẹ̀ láti ra ẹja. Òjò ti fọ ẹfun náà tán lára ògiri, Ìyá sì ti sá aṣọ rẹ̀ sórí rẹ̀.